Alárinà nínú Ìgbéyàwó Yorùbá: Àyípadà Láti Ìran dé Ìran

1.0 Ìfáàrà

Láàrin àwọn Yorùbá, ìgbéyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan àti obìnrin kan lásán. Ìdílé méjì ni ó ń so pọ̀. Alárinà ni ó sì máa ń dúró láàrin wọn. Èrò tí ó gbòde ni pé ọ̀làjú ti pa iṣẹ́ alárinà rẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ náà kò parun. Ńṣe ni ó pín sí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú rẹ̀ tí kò rí ẹni gbà á.

2.0 Iṣẹ́ alárinà láyé àtijọ́

Iṣẹ́ mẹ́ta ni alárinà ń ṣe. Èkíní ni ìwádìí: bóyá ẹ̀tẹ̀, wèrè tàbí wárápá ń bẹ nínú ìdílé, bóyá ajigbèsè ni wọ́n, irú ìwà wo ni wọ́n ń hù. Èkejì ni pé òun ni ó ń gbé ọ̀rọ̀ àti ẹ̀bùn láti ilé kan dé èkejì títí di ìṣíhùn àti ìdáná, nítorí pé ojú ń ti ọmọbìnrin láti bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gbangba. Ẹ̀kẹta ni ìlàjà. Lóòótọ́, àwọn àgbà ní bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ, alárinà a yẹ̀ba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yẹ̀ba kò lọ sájò. Bí ìjà bá dé, a lè pè é padà, nítorí òun ni ẹlẹ́rìí ìlérí tí ìdílé méjèèjì ṣe.

3.0 Ohun tí ó fa àyípadà

Owó ni ó kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, iṣẹ́ oṣù àti oko kòkó mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin lè dáná láìwo ọwọ́ baba wọn. Ẹ̀kọ́ ni ó tẹ̀ lé e. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 mú kí tọkùnrin tobìnrin mọ̀wé kọ, wọ́n sì lè kọ lẹ́tà síra wọn láìrán ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi máa gbé Ó Le Kú jáde ní 1974, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń fúnra rẹ̀ wá ìyàwó kì í ṣe ohun àjèjì mọ́.

4.0 Àwọn tí ó pín iṣẹ́ náà

Ní òde òní, ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti gba apá kan ìwádìí. Ọ̀pọ̀ ìjọ kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí èsì àyẹ̀wò, nítorí pé bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS. Àyẹ̀wò yìí mọ ohun tí alárinà kò lè mọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ìwà. Tẹlifóònù gba iṣẹ́ ọ̀rọ̀ gbígbé. Alága ìdúró àti alága ìjókòó gba ètò ọjọ́ ìdáná. Ọ̀jáfáfá ni wọ́n nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n owó ni a fi ń pè wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ ìdílé méjèèjì rí.

Ìlàjà ni kò rí olùgbà. Òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti ọdún 1970, tí ó wà fún ìgbéyàwó alárédè, ní kí adájọ́ ro ọ̀nà ìlàjà wò. Kò sì fàyè gba ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ kí ọdún méjì tó pé láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́, àyàfi fún àwọn ìdí kan. Ṣùgbọ́n adájọ́ kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣèlérí.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà ń ráhùn pé ọ̀dọ́ kì í bèèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń sọ pé àwọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn yan ọkọ tàbí aya. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Yíyàn kò sí lọ́wọ́ ẹbí mọ́, kò sì dájú pé yóò padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí tí ẹlẹ́rìí fi gbọ́dọ̀ bá a lọ. Bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá yan ẹnì kan lọ́jọ́ ìdáná, ẹni tí ọkọ àti ìyàwó fọwọ́ sí, tí wọ́n lè ké sí bí ilé bá dàrú, apá tí ó ṣe kókó jù nínú iṣẹ́ alárinà yóò tún rí ẹni dì í mú.