Kí ló dé tí katakata kò gbọdọ̀ wọ òpópónà márosẹ̀ ní Bìrìtéènì?

Ní gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti lè wọ mọ́tòwéè ní Bìrìtéènì, ìyẹn òpópónà márosẹ̀ tiwọn lọ́hùn-ún, pátákó aláwọ̀ búlúù kan wà níbẹ̀. Láti ìdí pátákó yẹn lọ, ẹlẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn mọ́, ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ yà, oníkẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ yà, bẹ́ẹ̀ náà ni àgbẹ̀ tó wa katakata. Oko àgbẹ̀ náà lè wà ní ọ̀tún àti òsì ọ̀nà ọ̀hún. Ó sì lè jẹ́ pé inú oko bàbá rẹ̀ ni ìjọba ti gé ilẹ̀ tí wọ́n fi la ọ̀nà náà. Òfin kò wo ìyẹn. Orí afárá ni yóò gbà kọjá, tàbí kí ó fi ọ̀nà abúlé yí po.

Àwọn kan ń bèèrè pé kí ló fa irú òfin bẹ́ẹ̀. Katakata òde òní kì í ṣe ti ayé àtijọ́, ọ̀nà abúlé sì há. Bí ẹ̀rọ tó fẹ̀ tó mítà 3 bá ń gba iwájú ilé ẹ̀kọ́ kọjá, ṣé kì í ṣe ewu ló ń gbé lọ bá àwọn ọmọdé, nígbà tí ọ̀nà gbalasa kan wà nítòsí? Ìbéèrè tó nítumọ̀ ni, ó sì yẹ ká fi ìṣirò dáhùn rẹ̀.

Kí a tó ṣírò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí òfin náà ti wá. Ọdún 1949 ni ilé aṣòfin Bìrìtéènì ṣe òfin tó fún ìjọba láàyè láti la ọ̀nà tí kìkì irú àwọn ọkọ̀ kan yóò máa gbà. Kí ìyẹn tó dé, gbogbo ayé ló ni ọ̀nà ọba: ẹni tó ń da àgùntàn àti ẹni tó ń wa ọkọ̀ bọ̀gìnnì, ẹ̀tọ́ kan náà ni wọ́n ní lórí rẹ̀. Èkíní nínú àwọn ọ̀nà tuntun yìí ni èyí tó gba ẹ̀yìn ìlú Preston kọjá, tí olórí ìjọba ìgbà náà, Harold Macmillan, ṣí ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1958. Kò gùn ju nǹkan bíi máìlì 8 lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mọ́tòwéè M1 dé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé wọn kò gba ọ̀nà àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. M1 dé, A5 tó jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. M6 dé, A6 kò kúrò. M4 dé, A4 ṣì ń gbé èrò láti London lọ sí ìhà Bristol. Ọ̀nà kejì yẹn ni òfin náà fẹ̀yìn tì, ó sì wúwo nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Lórí mọ́tòwéè, eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni máìlì 70 ní wákàtí kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 112. Ti katakata jẹ́ máìlì 20 tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó sún un sí máìlì 25, ìyẹn kìlómítà 40, ní oṣù Kẹta ọdún 2015. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá ń bọ̀ lẹ́yìn katakata, àlàfo àárín wọn ń fi mítà 20 dín kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí awakọ̀ bá tajú kán rí i ní mítà 200, ìṣẹ́jú àáyá 10 ló kù tí yóò fi dé ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ló wà níwájú, tí wọ́n ti de eré rẹ̀ mọ́ kìlómítà 90, mítà 200 yẹn kan náà yóò gbà á ju ìṣẹ́jú àáyá 30 lọ. Ìwé òfin ọ̀nà wọn sì sọ pé mítà 96 ni ọkọ̀ tó ń sá máìlì 70 nílò kí ó tó dúró pátápátá. Ìyẹn bí ilẹ̀ bá gbẹ.

Ojú ènìyàn kì í tilẹ̀ jẹ́ kí ìṣẹ́jú àáyá 10 yẹn pé. Ohun tó wà lókèèrè kì í yára tóbi lójú wa. Ìgbà tí a bá ti sún mọ́ ọn tán ló máa ń fẹ̀ lójijì. Ní mítà 200, ẹ̀yìn katakata àti ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù jọra, ọpọlọ á sì gbà pé eré tí gbogbo ọkọ̀ yòókù ń sá ni ti iwájú yìí náà ń sá, torí bẹ́ẹ̀ ló ti ń rí láti ìgbà tó ti wọ ọ̀nà. Èyí ló mú kí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ṣe àmì onígun mẹ́ta tó ní àwọ̀ ọsàn, tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tí kì í sá ju máìlì 25 lọ. Kí ojú tó mọ̀ pé ọkọ̀ náà ń rọra lọ, àmì yẹn á ti sọ fún un.

Ní Amẹ́ríkà kan náà, lọ́dún 1964, David Solomon gbé ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ọ̀nà ṣì ń tọ́ka sí dòní. Ó fi eré àwọn ọkọ̀ tó ní jàǹbá lójú ọ̀nà ìgbèríko wé eré àwọn ọkọ̀ yòókù tó ń kọjá níbẹ̀. Ẹni tó ń sáré ju àwọn tó yí i ká lọ wà nínú ewu. Ẹni tó ń rọra jù wọ́n lọ náà wà nínú ewu, nígbà mìíràn tirẹ̀ tún pọ̀ jù. Àwọn olùwádìí tó dé lẹ́yìn rẹ̀ rí àbùkù kan níbẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kà sí èyí tó ń rọra ló jẹ́ pé ṣe ni wọ́n fẹ́ yà, tàbí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ̀nà bọ̀ ni. Nígbà tí wọ́n yọ wọ́n kúrò, ewu ẹni tó ń rọra lọ dín kù gan-an. Lójú tèmi, àríwísí yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ tó ṣe iyebíye jù níbẹ̀, torí ó fi ibi tí ikú fara pamọ́ sí hàn wá: ìdí ìyànà àti ẹnu ọ̀nà oko.

Kì í ṣe jàǹbá nìkan ni. Lọ́dún 2008, Yuki Sugiyama àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kó ọkọ̀ 22 sórí ọ̀nà róbótó kan tó gùn tó mítà 230, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa sá eré kan náà. Kò sí ohunkóhun tó dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n láìpẹ́, ọkọ̀ kan fa bíréèkì díẹ̀, tẹ̀yìn rẹ̀ fà á jù ú lọ, títí àwọn kan fi dúró pátápátá, ìdúró náà sì ń rìn padà sẹ́yìn bí ìgbì. Bí bíréèkì díẹ̀ lásán bá lè ṣe èyí, ẹ wo ohun tí katakata tó ń lọ ní kìlómítà 40 yóò ṣe láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, tí gbogbo wọn á máa ya bọ́ sí ojú ọ̀nà kejì lójijì. Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé mọ agbára yìí dáadáa. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba gbọ́ ohùn wọn ní oṣù Kìíní ọdún 2024, orí márosẹ̀ A64 nítòsí Toulouse ni wọ́n gbé katakata wọn lọ.

Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Òfin tiwọn kò bèèrè iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe, eré ló ń bèèrè: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ó lè sá ju kìlómítà 60 lọ ní wákàtí kan lè wọ Autobahn. Katakata bẹ́ẹ̀ sì wà. Láti ọdún 1991 ni iléeṣẹ́ JCB ti ń ta katakata Fastrac, tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú àti lẹ́yìn. Lọ́dún 2019, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ Guy Martin wa ọ̀kan tí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, ó sì fi sá ju máìlì 135 lọ ní pápákọ̀ òfurufú Elvington. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú oko kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn wọn kò ní ṣọ́ọ̀kì rárá, táyà ńlá yẹn nìkan ló ń gba gbogbo gìrìgìrì ilẹ̀. Táyà tí wọ́n kọ A8 sí lára, kìlómítà 40 ni wọ́n ṣe é fún. Bó bá sá jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àkókò gígùn, ooru ni yóò bà á jẹ́. Mo fara mọ́ ìlànà Jámánì. Kò dára kí a ti ẹnì kan síta nítorí pé àgbẹ̀ ni. Eré ọkọ̀ rẹ̀ ló yẹ ká wò.

Ohun tó ká mi lára wà níbòmíràn. Bìrìtéènì ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà A tí wọ́n là níyà, àlọ lọ́tọ̀, àbọ̀ lọ́tọ̀, tí òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè máìlì 70 lórí wọn, bíi ti mọ́tòwéè gẹ́lẹ́. Katakata lè gba ibẹ̀, bó bá ṣáà ti tan iná olómi ọsàn tó ń ṣẹ́jú. Gbogbo ìṣirò tí a ṣe lókè yìí ni ó bá ọ̀nà wọ̀nyí mu, ó sì tún burú sí i, torí ẹnu ọ̀nà oko ṣí sí wọn, àlàfo sì wà ní àárín tí ọkọ̀ lè gbà ré kọjá sí òdìkejì. Ẹni tó wà lórí katakata náà lè jẹ́ ọmọ ọdún 16, torí òfin gbà á. Bí òun àti tirélà tó kún fún ọkà bá ń rọra ré kọjá níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní máìlì 70, iná tó ń ṣẹ́jú kò lè dá ọkọ̀ dúró.

Ọ̀nà àbáyọ wà, wọ́n sì ti ṣe é rí. Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀nà A1 di mọ́tòwéè ní North Yorkshire, láàárín Dishforth àti Barton, iṣẹ́ tó parí lọ́dún 2018, wọ́n la ọ̀nà kékeré mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará àdúgbò, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n lé katakata kúrò, wọ́n sì fún un ní ibi tí yóò gbà. Owó ńlá ni, àmọ́ òun ni ohun tó mú kí òfin náà jẹ́ òdodo.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa náà. Wọ́n ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 1978, kí ọkọ̀ lè máa sáré lórí rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Kìlómítà 100 ni òfin gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè láti sá lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà, abúlé àti ibùdó ìjọsìn ń gbilẹ̀ ní etí rẹ̀, wọn kò sì rí ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò gbà lọ sí òdìkejì. Ọlọ́kadà, ẹlẹ́rù àti màlúù tó ń bọ̀ láti ọjà Kárà ń pín in pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tó ń sáré. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè máa mú àwọn ènìyàn lójoojúmọ́; ẹni tí kò ní ọ̀nà kejì yóò padà sórí èyí tó wà. Ìgbàkígbà tí ìjọba bá tún gbé owó kalẹ̀ láti fẹ márosẹ̀ kan lójú ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà kékeré ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kí àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ bèèrè nínú àwòrán iṣẹ́, kí wọ́n tó bèèrè iye ojú ọ̀nà tí wọn yóò fi kún àárín.