Kí Kámẹ́rà Tó Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́: Ètò Fídíò Orin Nínú Ẹ̀kọ́ Mídíà

Ẹ̀kọ́ mídíà ni ẹ̀kọ́ tí ó ń tú iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, rédíò, ìwé ìròyìn, fíìmù, ìpolówó ọjà àti íntánẹ́ẹ̀tì palẹ̀, láti fi hàn bí wọ́n ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ẹni tí ó ń sọ ọ́, ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún, àti owó tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, ó wà lára àwọn iṣẹ́ tí ọmọ ọdún 16 sí 18 lè yàn fún ìdánwò A-level, èyí tí wọ́n máa ń fi ọdún méjì kọ́ kí wọ́n tó wọ yunifásítì. Nínú ìlànà tuntun tí àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, máàkì 30 nínú 100 ń ti ara iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá, fídíò orin sì wà lára ohun tí àwọn àjọ ìdánwò máa ń ní kí wọ́n ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ lè bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó kọrin tàbí kí ó di kámẹ́rà mú, ṣùgbọ́n ẹnu ẹni tí wọ́n ń máàkì ni àṣẹ gbogbo gbọ́dọ̀ ti máa jáde. Òbí tí ó ń retí dókítà tàbí lọ́yà lè wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó pè é ní eré ọwọ́ ọmọdé. Ẹni tí ó bá rí ìwé ètò tí ó ṣáájú ìyàwòrán kò ní sọ bẹ́ẹ̀, nítorí inú ètò yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà wà.

Ohun tí ó ya fídíò orin sọ́tọ̀ sí fíìmù ni pé ohùn ni ó kọ́kọ́ wà. Nínú fíìmù, wọ́n sábà máa ń ya àwòrán tán kí wọ́n tó fi orin sí i. Nínú fídíò orin, orin ti parí ní sítúdíò, kò sì sí ìṣẹ́jú àáyá kan tí olùdarí lè fà gùn nínú rẹ̀. Nítorí náà, etí ni ètò ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe yóò gbọ́ orin náà ní àgbọ́túngbọ́, yóò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlà-ìlà, yóò kọ àsìkò tí ìlà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò sì sàmì sí ibi tí ègbè ti wọlé àti ibi tí ìlù ti dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò. Bí ìlù orin kan bá ń dún ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdì ìlù mẹ́rin-mẹ́rin tí àwọn olórin ń pè ní báà yóò gba ìṣẹ́jú àáyá méjì. Kámẹ́rà tí ó ń ya àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń lò ó, yóò ti ya 50 kí báà kan tó parí. Báà 90 ni ó wà nínú irú orin bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ oníṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwòrán máa yí padà ní ìbẹ̀rẹ̀ báà kọ̀ọ̀kan yóò nílò ṣọ́ọ̀tì 90, ìyẹn àwòrán tí ń bẹ láàárín ibi tí wọ́n ti gé e àti ibi tí wọ́n tún ti gé e; bí ó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ kan péré ni ilé-ìwé yóò fi yá a ní kámẹ́rà, ìṣirò yìí ni yóò sọ fún un pé kí ó ya olórin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin orin ní igun mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ó lè rí nǹkan gé nígbà tí ó bá délé.

Ọgbọ́n kan wà tí ó fi bí ètò ṣe ṣe pàtàkì tó hàn kedere. Bí olùdarí bá fẹ́ kí olórin máa rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ó wà lójú àlá, síbẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ bá orin mu, wọn yóò gbé orin náà sáré ní ìlọ́po méjì lásìkò ìyàwòrán, olórin yóò máa kọ ọ́ tẹ̀lé e kíákíá, kámẹ́rà yóò sì máa ya àwòrán 50 dípò 25. Nígbà tí wọ́n bá dá a padà sí 25, ara yóò máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnu yóò sì wà lórí ọ̀rọ̀. Èyí kò ṣeé dá lójú agbo, torí ẹni tí yóò kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ti fi ọjọ́ púpọ̀ dánra wò.

Nípa ìtumọ̀, Andrew Goodwin, tí ó kọ ìwé Dancing in the Distraction Factory ní ọdún 1992, ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àtẹ̀gùn. Ó ní àwòrán lè ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ orin wí gan-an, ó lè bù kún un, ó sì lè yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pátápátá; ó tún ṣàkíyèsí pé ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta orin a máa fẹ́ kí ojú olórin hàn léraléra, nítorí ojú ni ọjà. Àjọ ìdánwò OCR ti fi Unfinished Sympathy ti ẹgbẹ́ olórin Massive Attack sínú àwọn fídíò tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yẹ̀ wò. Baillie Walsh ni ó darí rẹ̀ ní ọdún 1991: Shara Nelson ń rìn lọ ní òpópónà West Pico ní Los Angeles, ó ń kọrin bí ẹni tí kò rí èrò tí ń kọjá, kámẹ́rà sì ń bá a lọ láìgé àwòrán náà rárá. Orin ìfẹ́ ni. Àdáwà inú èrò ni òpópónà fi bù kún un. Ṣọ́ọ̀tì kan ṣoṣo dípò 90, bẹ́ẹ̀ ni ètò rẹ̀ le ju ti 90 lọ, nítorí bí ẹnì kan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lápá ìparí, ìbẹ̀rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò padà sí. Burn the Witch ti ẹgbẹ́ olórin Radiohead, tí ó jáde ní ọdún 2016, gba ọ̀nà mìíràn: ọmọlangidi aláwọ̀ mèremère, bí ti ètò àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àwọn ọdún 1960, ni wọ́n fi sọ ìtàn tí ó fara jọ fíìmù ẹlẹ́rù kan, The Wicker Man, ti ọdún 1973.

Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú tíọ́rì Goodwin tí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Peckham ní London yóò rí bí ó bá mú orin jùjú tàbí fújì lọ sí kíláàsì. Goodwin ya ọ̀rọ̀ orin sọ́tọ̀ sí ohùn ìlù, ó sì béèrè ohun tí àwòrán ń ṣe pẹ̀lú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú orin Yorùbá, ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ń bẹ nínú èdè wà lára awọ ìlù, débi pé olórin lè panu mọ́ kí gángan máa ki ènìyàn lọ. Bí kámẹ́rà bá fi onílù sílẹ̀ lásìkò yẹn lọ ya ẹsẹ̀ oníjó, ó ti kúrò lójú ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ èyí sínú ètò rẹ̀, tí ó ya ọwọ́ àti kọ̀ǹgọ́ ní àsúnmọ́ gẹ́gẹ́ bí àwọn yòókù ti ń ya ẹnu, ti fi kún ìmọ̀ tí ó bá nílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni sítọ́rìbọ́ọ̀dù, ìwé tí wọ́n pín sí àpótí-àpótí, tí wọ́n ya ohun tí kámẹ́rà yóò rí sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì kọ ìlà orin tí ó bá a lọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Kò pọn dandan kí ó lẹ́wà. Ibi tí wọn yóò ti ya fídíò náà ni ó ń gba ìrònú, nítorí ibẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: nínú Formation ti Beyoncé, tí Melina Matsoukas darí ní ọdún 2016, orí ọkọ̀ ọlọ́pàá tí omi ń gbé mì ni olórin náà wà, ẹni tí ó bá sì rántí ìjì Katrina tí ó ba New Orleans jẹ́ ní ọdún 2005 kò ní béèrè ìdí.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó yẹ kí ó gba àyè jù nínú ètò, òun sì ni wọ́n sábà máa ń fojú fò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún 20, káàdì tí Kodak fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí ń fọ fọ́tò láti fi díwọ̀n àwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Shirley, àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó wà lára rẹ̀, nítorí náà ojú adúláwọ̀ a máa jáde bí èédú tí kò ní ìmú tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kámẹ́rà òní ti sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ bí wọ́n bá fi ògiri funfun sẹ́yìn olórin dúdú, tí wọ́n sì jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yan ìwọ̀n, ògiri ni yóò tọ́jú. Ojú olórin ni ó yẹ kí wọ́n fi díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, kí ògiri náà ní àwọ̀ tí kò tàn jù, kí iná rọra ti ẹ̀gbẹ́ wá kí ó lè dán lára awọ. Stuart Hall, ọmọ Jamaica tí ó di àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé àwòrán kì í kàn ṣe dígí tí ń fi ayé hàn, pé ìtumọ̀ ni ó ń dá sílẹ̀ nípa àwọn ènìyàn inú rẹ̀; iná kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lára ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti ìyọ̀ǹda kò gùn: kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, kí wọ́n kọ ewu tí ó lè wáyé sílẹ̀, kí wọ́n sì rántí pé orin tí wọ́n lò nínú kíláàsì lè di ẹjọ́ bí wọ́n bá gbé e sí YouTube láìgba àṣẹ ẹni tí ó ni ín.

Nígbà tí ìwádìí àti ètò bá parí, tí wọn kò sì tíì ya ohunkóhun, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ìwé bí ọ̀rọ̀ 500, níbi tí yóò ti sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, àwọn tí ó ń ṣe é fún, àti ìdí tí ó fi yan ọ̀nà tí ó yàn. Ní oṣù díẹ̀ sí i, olùkọ́ rẹ̀ yóò gbé ìwé yẹn ka iwájú, yóò tan fídíò náà, yóò sì máa wá ọ̀rọ̀ inú ìwé lójú olórin, lára ògiri àti lọ́wọ́ onílù.