Fífi Eré Kọ́ Iṣẹ́ Wẹ́fíà

Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, dá ètò kan sílẹ̀ ní Arò tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun. Kò ti àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú mọ́lé. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, olúkúlùkù pẹ̀lú ìbátan rẹ̀ kan tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Wọn a gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀, wọn a sì padà sáàárín ènìyàn.

Oògùn nìkan kò lè mú irú ètò bẹ́ẹ̀ dúró. Onílé àti aládùúgbò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bíbá wọn sọ̀rọ̀ wà lára iṣẹ́ òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Níbo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́ ọ? Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, a lè lé aláìsàn síta lálẹ́ ọjọ́ náà. Aṣọ tí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ gé bàjẹ́ ṣeé rà padà.

Ní ọdún 1963, ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, Dókítà Howard Barrows kọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le láti ṣe bí aláìsàn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn. Nígbà tí ó yá, àwọn olùkọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà náà mú ọgbọ́n yìí lò. Marion Bogo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto, ní Kánádà, fi ṣe ìdánwò àti ìwádìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé òṣèré kan di ìyá onílé tí kò fẹ́ wèrè nínú ọgbà rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wọlé tọ̀ ọ́ (bí ó bá gbàgbé àtikí i dáadáa, ilẹ̀kùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì nìyẹn), olùkọ́ sì ń wò wọ́n. Lẹ́yìn eré, òṣèré yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ún àti ibi tí ọkàn rẹ̀ ti rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú yóò ṣàlàyé ìdí tí ó fi sọ ohun tí ó sọ. Ìjíròrò yìí ṣe pàtàkì ju eré fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí pé ìyá onílé kan náà ni gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ bá pàdé, olùwádìí lè fi iṣẹ́ wọn wéra láìṣègbè. Nígbà tí àrùn Kòrónà dí ọ̀nà iṣẹ́ àfidánrawò láàárín ìlú ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní òkè òkun gbára lé e.

Síbẹ̀, eré tí a kọ fún Toronto kò lè bá Ẹ̀gbá mu. Onílé níhìn-ín kì í sábà dá ìpinnu ṣe láìpe ẹbí. Ó kéré tán, òṣèré mẹ́ta ni a nílò: onílé, àbúrò rẹ̀, àti aláìsàn fúnra rẹ̀, ẹni tí a máa ń gbàgbé láti bi léèrè ohun tí ó fẹ́.