Ẹkún ìyàwó ń lọ o! Ẹ̀yin ìyá, ẹ má jẹ́ kó sọ nù

Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, bí ọjọ́ tí ọmọbìnrin máa relé ọkọ bá pé, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. Kì í ṣe tìtorí oúnjẹ o. Ohùn ọmọ náà ni wọ́n máa ń gbọ́. Yóò wọ aṣọ tó dáa, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, yóò kúnlẹ̀ níwájú bàbá, níwájú ìyá, yóò tún dé ọ̀dọ̀ ẹbí. Níbẹ̀ ni yóò ti máa sun ẹkún ìyàwó, táwọn àgbà yóò máa súre fún un, tí wọ́n yóò sì máa ta á lọ́rẹ.

Ẹkún ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n ewì ni. Omijé lè bọ́ lójú ìyá àtọmọ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ìyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣákálá. Ó ti kọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin kí ọjọ́ náà tó kò. Yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, yóò ki oríkì ìdílé, yóò tọrọ ọmọ, yóò sì sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù: ilé tí kò mọ̀, ìyá ọkọ, orogún. Ẹ wò ó, ọmọ tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà, lọ́jọ́ yẹn gbogbo ilé á dákẹ́, wọ́n á gbọ́ tiẹ̀.

Àwọn kan tó kàwé díẹ̀ máa ń ní kì í ṣe ewì gidi, pé ìparí ìlà rẹ̀ kò dún bákan náà bíi ti Òyìnbó. Irọ́ gbuu! Òyìnbó ní ewì kan tó ń jẹ́ sonnet, ìlà 14 ló máa ń ní. Nínú irú èyí tí Shakespeare kọ, ìparí ìlà kìíní àti ìkẹta máa ń dún bákan náà, ìkejì àti ìkẹrin náà á bára wọn mu, títí dé ìlà méjì tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n jọ ń dún pọ̀. Òfin tiwọn nìyẹn. Tiwa náà ní òfin tirẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni àwítúnwí. Bí ìyàwó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ní ìlà kan, ìlà kejì á gba ọ̀nà kan náà, ìyá ló kàn máa bọ́ sí ipò bàbá. Òun ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọni lára, kó sì rọrùn láti há sórí. Èkejì ni ohùn. Igba kì í ṣe igbá, igbá kì í ṣe ìgbà. Ẹni tó mọ ewì lè fi ohùn òkè parí ìlà kan, kó fi ti ìsàlẹ̀ parí èyí tó tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí ìyá ìlù àti omele bá ń dá ara wọn lóhùn. Ẹ̀kẹta ni fífi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ọmọ tó ń lọ ilé ọkọ lè mẹ́nu kan ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń roko. Ohùn nìkan ló yàtọ̀, àwọn tó ń sunkún á tún rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí gbé ìwé Features of Yoruba Oral Poetry jáde lórí irú ọgbọ́n báyìí. Ẹ̀yin ọlọ́jà náà ń lò ó bẹ́ ẹ bá ń polówó ọjà láàárọ̀, ẹ kàn lè má fura ni.

Ohun tó ń dunni ni pé ẹkún ìyàwó ò wọ́pọ̀ mọ́. Lóde ìgbéyàwó ìsinsìnyí, alága ìdúró àti alága ìjókòó ló ń sọ̀rọ̀, ló ń kọrin. Ìyàwó tí wọ́n torí ẹ̀ pé jọ á kúnlẹ̀, á dìde, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò ní sọ ju “ẹ ṣé” lọ. Ṣé ẹnu ẹlòmíì ló yẹ kọ́mọ fi dágbére fún ìyá tó bí i?

Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ṣì mọ̀ ọ́n, bí ọmọ yín bá jókòó tì yín ní ìsọ̀ lọ́jọ́ tí ọjà ò yá, ẹ sun ún fún un, kó fi fóònù rẹ̀ gbà á sílẹ̀. Bọ́mọ ò bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ibo ló ti fẹ́ gbọ́ ọ?