Ohun Tó Wà Nínú Àpò Itọ́ Èkúté

Ẹ súnmọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Kí ẹnikẹ́ni má dáhùn "àlọ̀" fún mi lálẹ́ yìí o, torí èyí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan wà ní Ítálì, Rita Levi-Montalcini lorúkọ rẹ̀. Júù ni. Nígbà tí ìjọba Mussolini lé àwọn Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní yunifásítì, ó sọ yàrá tó ń sùn di ibi ìwádìí. Ẹyin adìẹ ló ń là wò, ó ń ṣọ́ bí iṣan ṣe ń hù lára ọmọ inú ẹyin, ogun sì ń jà lóde. Nígbà tí ogun parí, ó kọjá sí St. Louis ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ló ti rí i pé kókó kan tí wọ́n mú lára èkúté ń tú nǹkan jáde, nǹkan náà sì ń mú iṣan hù wìtìwìtì. Kí ni? Stanley Cohen, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, ló ń wá a.

Wọ́n da oró ejò sí omi tí wọ́n fún lára kókó yìí, kó lè bá wọn jẹ ìdọ̀tí kan tí wọn ò fẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Àṣé oró ejò fúnra rẹ̀ ń mú iṣan hù ju kókó náà lọ fíìfíì! Cohen wá rò ó pé: níbo ni ejò ń gbé oró sí? Àpò kan lẹ́nu rẹ̀ ni, ìran kan náà ni pẹ̀lú àpò itọ́. Ló bá yẹ àpò itọ́ akọ èkúté wò. Nǹkan ọ̀hún kún ibẹ̀ bámúbámú.

Ẹ dúró, a ò tíì débẹ̀. Ó gún àwọn ọmọ èkúté tuntun lábẹ́rẹ́ omi àpò itọ́ yẹn. Ẹ̀yin náà ti rí ọmọ èkúté rí: pupa, láìní irun, ojú dì pinpin. Ó máa ń tó nǹkan bí ọjọ́ mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá kó tó lajú. Àwọn wọ̀nyí lajú ní bí ọjọ́ méje! Eyín wọn náà yára yọ. Ẹlòmíì ì bá gbójú kúrò níbẹ̀, torí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń wá. Cohen ò gbójú kúrò. Ó rí i pé prótíìnì mìíràn ló wà nínú àpò kan náà, èyí tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì awọ pé kó pín sí méjì. EGF ni wọ́n ń pè é. Ní 1986, òun àti Rita jọ gba Ẹ̀bùn Nobel.

Àlàkẹ́ ní, "Bàbá àgbà, kí ni ẹ fẹ́ fìyẹn pè?" Ẹ fọwọ́ kan abẹ́ etí yín, níbi tí ṣegede ti máa ń wú. Àpò itọ́ tó tóbi jù lára yín nìyẹn. Iṣan tó ń jẹ́ kí ẹ lè rẹ́rìn-ín ló gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí kókó bá wú síbẹ̀, tí kò dunni, tí kò sì lọ, ẹ má pè é ní ṣegede, ẹ wá dókítà lọ. Bí ẹnu bá wá ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn.

Ilẹ̀kùn wà lára sẹ́ẹ̀lì tí àṣẹ EGF ń gbà wọlé. Ilẹ̀kùn yẹn ní àbúrò, HER2. Irú jẹjẹrẹ kan wà tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀nà tí itọ́ ń gbà ṣàn, ọ̀kan nínú àwọn tó burú jù ni. Nínú mẹ́ta irú rẹ̀, nǹkan bí ẹyọ kan ni HER2 ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, tí sẹ́ẹ̀lì ń pín tí kò sinmi.

Báwo ni dókítà ṣe ń mọ̀? Wọ́n á gé díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi ìda dì í, wọ́n á rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á wá da èròjà kan lé e tó jẹ́ pé HER2 nìkan ló ń dì mọ́. Bí wọ́n bá ti fi àwọ̀ sí i, ẹ ó rí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù: àwọ̀ búráùn yí etí sẹ́ẹ̀lì po. Wọ́n tún máa ń wá àmì kan tí wọ́n ń pè ní Ki-67, tí wọ́n rí ní ìlú Kiel ní Jámánì, tí wọ́n sì kéde ní 1983. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ní in, èyí tó ń sinmi kò ní in. Dókítà á kà á: mélòó nínú ọgọ́rùn-ún? Bó bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀rù ọjọ́ iwájú ṣe ń pọ̀ tó.

Tẹ́lẹ̀, ìròyìn búburú ni kí wọ́n ní HER2 pọ̀ lára kókó. Ní 1998 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí trastuzumab fún jẹjẹrẹ ọmú, oògùn tó ń dì mọ́ HER2 gan-an. Wọ́n gbé e wá sí ti àpò itọ́, kókó àwọn kan sì súnkì. Lójú tèmi, èyí ju ti ojú èkúté lọ: àmì tí a fi ń mọ̀ pé àrùn le, òun náà ni oògùn wá ń fojú sùn.

Bí kò bá wá sí HER2 ńkọ́? Ìbéèrè ọlọgbọ́n nìyẹn, Àkànní. Èyí tó pọ̀ jù nínú irú jẹjẹrẹ yìí ní ibi tí omi ìsúnniṣe ọkùnrin ń dì mọ́ lára sẹ́ẹ̀lì wọn. Nítorí náà, ẹ ó rí ẹni tí kókó wà lábẹ́ etí rẹ̀, tí dókítà ń fún ní oògùn jẹjẹrẹ prostate, ì báà tiẹ̀ jẹ́ obìnrin.