Ayò inú Fóònù: Bantumi àti Ayò Ọlọ́pọ́n

Bí a bá dárúkọ Òkukù láàárín àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, oríkì ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, nítorí ìwé ńlá tí Ọ̀mọ̀wé Karin Barber kọ lórí oríkì ìlú náà, èyí tí ó jáde ní ọdún 1991. N kò ní ohun kan láti fi kún un. Eré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, eré kékeré kan tí mo kọ́kọ́ rí ní Òkukù nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Ó wà nínú àpò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fiyè sí i kò pọ̀. Bantumi ni orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀rọ eré tí a ń mú lọ́wọ́ kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Japan gbé Game & Watch jáde, èyí tí Gunpei Yokoi ṣe. Ní ọdún 1989, wọ́n gbé Game Boy jáde, eré tí ó sì gbé e lárugẹ jùlọ ni Tetris, tí Alexey Pajitnov ti ṣe ní Moscow ní ọdún 1984. Àwa ọmọ Òkukù kò fojú kan Game Boy. Ayédèrú Tetris ni ó dé ọ̀dọ̀ wa, nínú ẹ̀rọ oníke kékeré oníbátìrì tí a ń pè ní Brick Game. Wọ́n kọ ọ́ sí ara òmíràn nínú wọn pé eré 9999 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó tì í yóò rí i pé eré mélòó kan péré ni, tí wọ́n kàn ń mú un yára sí i tàbí kí wọ́n mú un falẹ̀. Ó dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí Yorùbá lè nawọ́ sí nínú rẹ̀ pé tiwa nìyí. Ti Bantumi yàtọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Nokia ti ilẹ̀ Finland ni ó fi í sínú fóònù 3310, èyí tí ó jáde ní ọdún 2000. Nígbà tí fóònù GSM dé Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, 3310 wà lára àwọn tí ó tètè gbajúmọ̀ láàárín wa. Eré mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀, eré ejò ni tolórí-tẹlẹ́mù sì ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn mú ọ̀kan wá sílé fún ọdún Kérésìmesì ní ọdún 2003. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró ní agbo ilé wa nígbà náà, nítorí náà iṣẹ́ tí fóònù náà ń ṣe kò ju aago wíwò àti eré lọ, èyí sì tẹ́ àwa ọmọdé lọ́rùn.

Bàbá tí ó bí bàbá mi jẹ́ ọ̀ta nínú ayò. Mo gbé fóònù náà tọ̀ wọ́n lọ, nítorí mo rí i pé ilé mẹ́fà wà ní apá kan, mẹ́fà ní apá kejì, a sì ń pín ọmọ yí wọn ká. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé, “Ta ni ó fún un láṣẹ kí ó tún ta? Ṣé kò mọ̀ pé èmi ni ó kàn ni?” N kò rí èsì fún wọn. Wọ́n ní, “Gbé e lọ. Èyí kì í ṣe ayò.” Mo rò nígbà náà pé ọjọ́ ogbó ni kò jẹ́ kí ó yé wọn. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun, kí n tó mọ̀ pé òtítọ́ gan-an ni wọ́n sọ.

Orúkọ náà, Bantumi, ń dún létí bí ohun tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn Bantu wá. Ṣùgbọ́n òfin tí ó ń tẹ̀ lé, òfin eré Kalah ni, èyí tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, William Julius Champion, gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940. Ẹbí ayò ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ayò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn. Nínú ayò, bí a ti ń ta á ní agbo ilé wa, ilé 12 ni ó wà lára ọpọ́n, ọmọ ayò 4 sì ni a ń kọ́kọ́ kó sí ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń pín in lọ. Ká ní ọmọ 4 wà ní ilé mi kẹrin láti apá òsì. Bí mo bá kó o, n ó fi ọ̀kan sí ilé mi karùn-ún, ọ̀kan sí ìkẹfà, n ó wá yà sí ilé ọ̀tá mi, n ó fi ọ̀kan sí ilé tí ó kọjú sí ìkẹfà mi àti ọ̀kan sí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí ọmọ 2 bá wà ní ilé tí mo parí sí tẹ́lẹ̀, ó di 3 nìyẹn, mo jẹ ẹ́. Bí 1 bá sì wà ní ilé tí ó ṣáájú rẹ̀, ó di 2, mo jẹ ìyẹn náà. Mo ti jẹ 5 lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí mo bá ta ọmọ 4 yìí kan náà nínú Bantumi, ibi ìkóhunpamọ́ mi tí ó wà ní ìpẹ̀kun ọpọ́n yóò gba ọ̀kan lójú ọ̀nà, èyí tí ó kẹ́yìn yóò sì bọ́ sí ilé àkọ́kọ́ ti ọ̀tá mi. N kò jẹ ohunkóhun níbẹ̀, mo tilẹ̀ fi ọmọ ta á lọ́rẹ. Ká ní 3 ni, èyí tí ó kẹ́yìn ì bá bọ́ sí ibi ìkóhunpamọ́ mi, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti tún ta. Ohun tí bàbá bàbá mi rí tí wọ́n fi bínú nìyẹn. Bí a bá sì fẹ́ jẹ nínú Bantumi, ilé ara ẹni tí ó ṣófo ni ọmọ tí ó kẹ́yìn gbọdọ̀ bọ́ sí, kí a tó kó èyí tí ó wà ní ilé tí ó kọjú sí i. Nínú ayò, ìta ni a ti ń ṣọdẹ. Nínú Bantumi, a ń dọdẹ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìyàtọ̀ yìí kéré. Ní ọdún 2000, Geoffrey Irving, Jeroen Donkers àti Jos Uiterwijk fi kọ̀ǹpútà wá ìdí Kalah. Wọ́n rí i pé bí ilé bá jẹ́ mẹ́fà-mẹ́fà tí ọmọ sì jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ẹni tí ó kọ́kọ́ ta ni yóò borí bí kò bá ṣi ọmọ ta. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam ṣe bẹ́ẹ̀ fún awari, eré tí òfin rẹ̀ súnmọ́ ti ayò gan-an. Ipò 889,063,398,406 ni kọ̀ǹpútà wọn yẹ̀ wò. Èsì rẹ̀ ni pé bí àwọn méjèèjì kò bá ṣìṣe, ọ̀mì ni wọn yóò ta. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ta kò rí èrè kankan nínú ṣíṣáájú. Mo jẹ́wọ́ pé inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo kà á.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé yìí ni pé ní ọdún tí ó kọjá, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣàlàyé bí a ti ń ta ayò. Àwọn kan nínú wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ọmọ tí ó kẹ́yìn bá bọ́ sí ibi ìkóhunpamọ́ ẹni, a óò tún ta. Inú fóònù ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọn kò gbọ́ odù rí, ìyẹn ilé tí a kó ọmọ jọ sí títí ó fi tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a ó fi ta yí ọpọ́n ká, tí a ó sì fo ilé tí a ti kó o. Ẹ̀rọ ni ó ń bá wọn pín ọmọ, nítorí náà ọwọ́ wọn kò mọ ìwọ̀n odù. Kò sì sí ẹni tí ó pè wọ́n ní ọ̀pẹ rí, nítorí ẹ̀rọ kì í bú ènìyàn.

N kò bá Bantumi jà o. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ìwé, ilẹ̀ lásán tó fún wa: kí a gbẹ́ ihò 12 sí i, kí a ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48, kí ọmọ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in, kí ó jẹ, kí a sì jẹ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí a gbé Bantumi sílẹ̀ fún un, kí ó sọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ní Yorùbá. Mo dán an wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wọ̀nyí. Àríyànjiyàn dé nígbà tí wọ́n bi ara wọn bóyá a lè lo “jẹ” fún ọmọ tí a kò jáde lọ bá nílé ọ̀tá, tí ó jẹ́ pé láti ilé ara wa ni a ti kó o. Àwọn kan ní kí a pè é ní “kó”. Aago lù kí wọ́n tó parí rẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn náà bọ̀ nígbà tí wọ́n ń jáde.