Òòlù oníná ń pawó wọlé fáwọn tó ń fọ́ kọnkéré, àmọ́ owó ààbò gbọ́dọ̀ wà nínú owó iṣẹ́

Bí èèyàn bá ń kọjá ládùúgbò tí wọ́n ti ń tún ilé ṣe nílùú Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, kì í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ariwo kan tó ń dún gbà-gbà-gbà láìdáwọ́ dúró, tí eruku funfun yóò sì máa rú jáde lójú fèrèsé. Òòlù oníná ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ bíríkìlà àtàwọn oníṣẹ́ páìpù omi mọ̀ sí jáàkì háàmà. Láyé ọjọ́un, òòlù ọwọ́ àti ṣísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Lẹ́búrà méjì lè fi odidi ọjọ́ kan lu ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo, kí ọwọ́ wọn sì bó. Ẹ̀rọ yìí lè parí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ fi ń dáwó jọ láti ra ẹ̀rọ náà, táwọn mí-ìn sì ń rà á láti máa fi háyà. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé tí wọ́n bá ń díye lé iṣẹ́, nǹkan mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kà: owó epo jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀ àti owó ọmọ iṣẹ́. Wọn kì í ka owó ìbomú àti ìdíétí mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ka owó ẹnì kejì tó yẹ kó gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́ nígbà tó bá tó àsìkò láti sinmi. Owó tí wọ́n rò pé àwọn jẹ lérè yìí, ilé ìwòsàn ló máa ń gbà á padà lẹ́yìn náà, èlé á sì ti gorí ẹ̀.

Kí èèyàn tó lè lo ẹ̀rọ náà bó ṣe yẹ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Òòlù oníná kì í yí bíi ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu ihò sára ògiri. Mọ́tò inú rẹ̀ ló ń ti irin kan síwá-sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tí irin náà bá há mọ́ á wá ti irin mí-ìn tó máa lọ gbá ìdí ṣísẹ́ẹ̀lì. Ó ń gbá a ju ìgbà 1,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tó wọn kílò 5 sí 6 wà fún ṣíṣí táìlì àti fífọ́ ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri. Èyí tó wọn kílò 10 sí 17 wà fún ilẹ̀ kọnkéré àti ìpìlẹ̀ ògiri. Èyí tó tó kílò 30, ilẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń fọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé e sókè lu ògiri.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń lù, kò yẹ kí ẹni tó ń lò ó tún máa fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ló sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ kò ní í tètè parí iṣẹ́. Gbígbọ̀n ẹ̀rọ náà lá kàn máa gba apá rẹ̀ wọlé, ṣísẹ́ẹ̀lì á sì há sínú kọnkéré. Ohun tó yẹ ni kó di ẹ̀rọ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, kó jẹ́ kí ìwúwo ẹ̀rọ náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Etí ibi tó fẹ́ fọ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa bù ú díẹ̀díẹ̀ wá sáàárín. Bí ṣísẹ́ẹ̀lì bá há, kó pa ẹ̀rọ, kó yọ ọ́ kúrò nínú iná, kó tó máa wá bó ṣe máa tú u sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán kan ṣísẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́, nítorí ó máa ń gbóná gan-an.

Ọ̀rọ̀ iná gan-an tún gba àròjinlẹ̀, pàápàá fáwọn tó ń ra tòkunbọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ táwọn kọ́lékọ́lé ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fóòtì 110 ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, púlọ́ọ̀gì wọn sì máa ń ní àwọ̀ ìyeyè. Tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà kì í ju fóòtì 120 lọ. Iná tó ń wọ ilé ní Nàìjíríà, fóòtì 230 ni. Ẹni tó bá gé púlọ́ọ̀gì oníyeyè yẹn dànù, tó fi púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti ibí sí i, ti sun owó ara ẹ̀ níná, ó sì lè fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Kí oníṣòwò tó sanwó fún ẹ̀rọ, kó wo pátákó kékeré tó wà lára rẹ̀. Bó bá rí 110 tàbí 120 níbẹ̀, kó ṣírò owó tíráńsífọ́mà tó lágbára mọ́ ọn, tàbí kó fi í sílẹ̀.

Èyí tó ń lo 1,500 wáàtì lórí fóòtì 230 máa ń fa nǹkan bíi áńpù mẹ́fà àtààbọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí aráàlú ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé e, èyí tó bá tó 3.5 kVA ló lè ṣe é láìkọsẹ̀. Ìta gbangba ni kí jẹnẹrétọ̀ náà wà, kó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àti fèrèsé, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani láìjẹ́ kéèyàn fura. Bí wọ́n bá ń lo ẹ̀kísítẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n ká, kí wọ́n tú gbogbo wáyà rẹ̀ sílẹ̀ tán kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ sí i. Wáyà tó ká jọ máa ń gbóná títí tí rọ́bà ara rẹ̀ á fi yọ́. Ohun tó tún dáa ni kí wọ́n ra bíréékà RCD tó ń já iná bí iye tó ń jò bá ti tó mílíáńpù 30. Èyí téèyàn lè gbé kiri wà lọ́jà, ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń já iná kò sì tó ọ̀kan.

Ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì kan ògiri, ó yẹ kó mọ ohun tó wà nínú ògiri náà. Ọ̀pọ̀ ilé ni wáyà iná ti gba inú páìpù kọjá nínú búlọ́ọ̀kù àti dẹ́kìn. Kì í ṣe pé kí wọ́n kàn pa iná ìjọba nìkan. Láyé ìsinsìnyí tí ínfátà àti sólà ti wà nínú ọ̀pọ̀ ilé, iná lè ṣì wà nínú wáyà nígbà tí gbogbo àdúgbò wà lókùnkùn. Kí wọ́n pa tìjọba, kí wọ́n pa ínfátà, kí wọ́n ti jẹnẹrétọ̀ ilé náà pa, kí oníṣẹ́ iná sì yẹ̀ ẹ́ wò pé lóòótọ́ ni kò sí iná níbi tí wọ́n fẹ́ fọ́. Kí wọ́n béèrè ibi tí páìpù omi gbà lọ́wọ́ onílé pẹ̀lú.

Bí irin ọ̀pá bá yọjú níbi tí wọn kò ti retí rẹ̀, kí iṣẹ́ dúró. Ó lè jẹ́ pílà, bíìmù tàbí lẹ́ńtà tó gbé òkè ilé dání ni wọ́n ń fọ́ lọ yẹn. Onílé lè sọ pé òun fẹ́ kí pálọ̀ òun fẹ̀ sí i, ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹ́ńjíníà. Ẹni tó mọ̀ nípa ilé kíkọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ṣeé yọ àti bí wọ́n ṣe máa gbé òkè dúró kí wọ́n tó yọ ọ́. Nípìnlẹ̀ Èkó, ẹni tó bá fẹ́ wó ilé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ LASBCA tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Kí agbaṣẹ́ṣe fi ojú ara rẹ̀ rí ìwé náà kó tó gba iṣẹ́, nítorí bí ilé bá wó, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.

Àwọn ewu tá a ti ń sọ bọ̀ yìí, ojú lè rí wọn. Àwọn tí ojú kì í rí ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Àkọ́kọ́ ni eruku. Kọnkéré, búlọ́ọ̀kù, táìlì àti òkúta ní sílíkà nínú, èyí tó wúlẹ̀ kéré débi pé kò ṣeé fojú rí. Bó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, á máa dá àpá síbẹ̀. Àìsàn tó ń fà, tí wọ́n ń pè ní silicosis, kò ní oògùn tó lè wò ó sàn, ó sì lè gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn. Lọ́dún 1997, àjọ IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, kéde pé sílíkà téèyàn ń fà símú wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Áńkáṣíìfù téèyàn so mọ́mú kò lè dá a dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbomú pẹlẹbẹ tí gbogbo ayé lò lásìkò kòrónà lọ́dún 2020. N95 tàbí FFP3 tó lẹ̀ mọ́jú dáadáa ni kí wọ́n rà. Kí wọ́n wọ́n omi sórí ibi tí wọ́n fẹ́ fọ́, ṣùgbọ́n kí omi náà má kan ẹ̀rọ tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n tún fi omi rin ilẹ̀ kí wọ́n tó gbá a.

Ìkejì ni ariwo. Àjọ NIOSH ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ pé etí lè fara da ariwo tó jẹ́ dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́. Bó bá tó 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Òòlù oníná ńlá máa ń tó 100 tàbí kó jù ú lọ, pàápàá nínú yàrá. Ìdíétí kò wọ́n, etí tó bá sì ti di kì í ṣí mọ́.

Ìkẹta ni gbígbọ̀n, òun ló sì kan àpò oníṣòwò jù. Ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ yìí láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìka rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á máa ṣe é bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹran ara rẹ̀. Bó bá pẹ́, ó lè má lè de bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe lọ́dún 2002 lórí ọ̀rọ̀ yìí fi òdiwọ̀n méjì lélẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ oníwákàtí mẹ́jọ: 2.5 m/s², níbi tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan ṣe, àti 5 m/s² tẹ́nikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá máa ń sọ bó ṣe ń gbọ̀n sí. Bó bá jẹ́ 10 m/s², ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni òṣìṣẹ́ máa fi dé òdiwọ̀n àkọ́kọ́, wákàtí méjì ni yóò fi dé ìkejì. Bó bá jẹ́ 15, kò ní í tó wákàtí kan tí yóò fi dé ibi tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òfin yẹn kò de àwọn tó wà ní Nàìjíríà, àmọ́ ara èèyàn kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè.

Ibí yìí ni ìṣirò owó ti wọlé. Ká ní iṣẹ́ kan máa gba wákàtí mẹ́rin lórí ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n ní 10 m/s². Ẹnì kan kò lè dá a ṣe lọ́jọ́ kan. Èèyàn méjì ló máa pín in ṣe, tàbí kó di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Agbaṣẹ́ṣe tó bá kọ owó ẹnì kan fún ọjọ́ kan sínú ìwé tó fún oníbàárà ti ṣìṣirò kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kó kọ owó ẹni méjì, kó kọ owó ìbomú, ìdíétí, awò tó bo ojú pátápátá, ìbọ̀wọ́ àti bàtà oníirin lórí, kó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà. Oníbàárà tó bá gbọ́ pé òun ló máa dáhùn bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé òun kì í sábàá jiyàn púpọ̀. Ẹni tó sì ń fi ẹ̀rọ háyà, kó yẹ wáyà, púlọ́ọ̀gì àti ibi tí ṣísẹ́ẹ̀lì ń wọ̀ wò nígbà tó bá ń lọ àti nígbà tó bá dé.

Òfin ilẹ̀ yìí náà kò dákẹ́. Òfin Employee’s Compensation Act tọdún 2010 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tó ń san fáwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó. Inú àpò yìí ni wọ́n ti ń tọ́jú òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ méje ni ọ̀gá ní láti fi tó àjọ náà létí. Ọ̀gá tí kò sanwó yìí, tí ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wá fọ́, ó lè ta ẹ̀rọ náà gan-an kó tó rówó ilé ìwòsàn san.

Òòlù oníná tí wọ́n bá tọ́jú lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí kábọ̀ọ̀nù rẹ̀ bá jẹ, òmíràn wà lọ́jà. Bí ṣísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bá kú, wọ́n á pọ́n ọn. Ọwọ́, etí àti ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń lò ó ni kò ní pààtì lọ́jà. Kí oníṣòwò kọ owó wọn sínú ìwé iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.